Táyà Gbogbo Ìgbà Lórí Òkè Ẹlẹ́kùrọ́

Táyà méjì ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i kí ọjọ́ tó rọ̀. Bọ́ọ̀sì funfun ilé ìgbẹ̀bí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òjò ń lù ú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti pá bí àtàrí arúgbó. Bí o bá fi ọwọ́ pa táyà náà lára, wàá rò pé ìkòkò lo dì mú. Òwú inú rẹ̀ ti ń yọjú wo ayé.

Bí bọ́ọ̀sì ṣe dúró yìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àpìkẹ́ ń rọbí ní abúlé kan lẹ́yìn Ifẹ̀wàrà. Láti àná ló ti ń rọbí, ọmọ kò sì wálẹ̀. Àjàgbé ọkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogbo tó lọ ń dá oko kòkó níbẹ̀, ti gun kẹ̀kẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ó fi dé Iléṣà. Ẹrẹ̀ bò ó dé irun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà tútù mú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ:

"Sístà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Sístà Julianah ni agbẹ̀bí ibẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó ti wọ bàtà òjò. Ó yíjú sí Sànúsí awakọ̀.

"Sànúsí, ṣé ọkọ̀ yìí á gbé wa débẹ̀?"

"Lójú ọ̀dà, á gbé wa. Tó bá kan amọ̀ Ifẹ̀wàrà nínú òjò yìí, wàláhì, Sístà, inú igbó ló máa kó wa sí. Mo ti bẹ àwọn onílọ́rì ní gáréèjì, wọ́n ní àfi ọjọ́ ọjà."

"Táyà ò wá sí nílùú yìí ni?"

"Táyà ń bẹ. Ó pọ̀ bí erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ ọ̀gá Fálẹ́yìmú ló wà."

Ẹni tó bá gbé Iléṣà lákòókò náà á mọ̀ pé kí nǹkan sọnù sódò sàn ju kó wà ní sítọ́ọ̀ Fálẹ́yìmú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀gá náà hàn yín ná kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pàdé láìmúra.

Lọ́dún 1972, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì sílẹ̀ kó máa gba apá ọ̀tún, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí wọ́n dúró ní oríta kí wọ́n máa rán awakọ̀ létí. Josáyà Fálẹ́yìmú wà lára wọn. Ó dúró, ó pariwo, "Apá ọ̀tún! Apá ọ̀tún!" Ọkọ̀ sì gba apá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ gba apá ọ̀tún ní Kánò náà, ó gbà á ní Kàlàbá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ohùn Fálẹ́yìmú rí. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹnu òun ló gbé títì láti ọwọ́ kan sí ìkejì. Ó wá dà bí ẹni tó súfèé tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, tó wá ń yí ojúlé ká pé ṣé àwọn àgbẹ̀ ti dúpẹ́.

Nígbà tí ariwo rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún un kí ìlú lè sinmi. Wọ́n pè é ní Ọ́fíìsì Àbójútó Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ìjọba. Orí Òkè Ẹlẹ́kùrọ́ ni wọ́n gbé e sí, lápá ibi tí ọ̀nà Ifẹ̀wàrà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju pé kí wọ́n fún ọkọ̀ ìjọba ní táyà nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ. Ẹnìkan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan lè ṣe é, kí onítọ̀hún sì tún ráyè sùn lọ́sàn-án.

Fálẹ́yìmú sọ ọ́ di ààfin. Ó to tìmùtìmù lé tìmùtìmù lórí àga rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi kanlẹ̀ mọ́. Agogo ni wọ́n ń lù kó tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i ní oyè tó fún ara rẹ̀, "Adúró-Má-Yọ̀!" Ṣàngódèyí akọ̀wé rẹ̀ yóò sì dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Ó dúró!"

Ṣàngódèyí yìí náà, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ ọ̀gá tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé kí ọ̀gá tó la ẹnu, òun ti ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá sín, ó dìde, ó tẹríba, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ń sín nílùú yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í sín in báyìí." Ọ̀gá sì dúpẹ́. Ó dúpẹ́ ní tòótọ́!

Nígbà tí òjò ọdún náà ń bọ̀, wọ́n kó oríṣi táyà mẹ́ta wá sí sítọ́ọ̀. Àkọ́kọ́ ni táyà òjò, tí ojú rẹ̀ jìn, tí ó ní eyín ńlá ńlá láti fi bu amọ̀ jẹ. Èkejì ni táyà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀kẹta ni tuntun tí wọ́n ń pè ní táyà gbogbo ìgbà, òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o. Kò sí ohun tó burú nínú èyíkéyìí. Awakọ̀ tó bá wo ojú ọ̀nà rẹ̀ á mọ èyí tó yẹ òun. Ṣùgbọ́n Fálẹ́yìmú ní ìfiwéra gbọ́dọ̀ wà, kí táyà kan jọba, kí àwọn ìyókù lọ jókòó.

Báwo ló ṣe fi wọ́n wéra? Ẹ gbọ́ ná. Ó gbé táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àga mẹ́ta nínú ọ́fíìsì bí ẹni wá wáṣẹ́. Ó ní kí Ṣàngódèyí gbé kẹ́tù wá, wọ́n da omi sí wọn lára. Omi dúró nínú ihò ojú táyà òjò. Fálẹ́yìmú mi orí.

"Ọ̀mùtí ni èyí," ló wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń mumi?"

Omi ṣàn kúrò lára táyà gbogbo ìgbà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wo ẹni tó ní ìkóra-ẹni-níjàánu."

Wọ́n gbé wọn sóòrùn. Wọ́n gbóná dọ́gba. Fálẹ́yìmú fi àtẹ́lẹwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dijú, ó ní gbogbo wọn gbóná, ṣùgbọ́n ti táyà gbogbo ìgbà gbóná pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ọ̀wọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ tèmi níbí, ọ̀gá," ni Ṣàngódèyí wí láti ìdí fèrèsé.

Báyìí ni wọ́n ṣe dá táyà òjò lẹ́bi, tí wọ́n tì í mọ́ sítọ́ọ̀ pẹ̀lú rìímù irin nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibi tí wèrè rẹ̀ parí sí nìyẹn, ǹ bá má kọ ìtàn yìí. Ó tún fi òfin lé e.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò sí ọkọ̀ tí ń gun òkè wa tí kò ní wẹ́ẹ̀jì nínú, ìyẹn ìtì igi tí wọ́n fi ń há ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yí padà sẹ́yìn. Ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti ń rẹ̀ lórí òkè, ẹnìkan á ké "Wẹ́ẹ̀jì!" ẹlòmíràn á sì sáré há a. Bí kò bá sí igi, wọ́n á fi òkúta há a, àjèjì á há a, ìyá arúgbó á há a. A kì í bèèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Fálẹ́yìmú ní ìwà ará oko ni. "Òyìnbó kì í gbé igi kiri," ló wí. "Ọkọ̀ tó ní táyà gbogbo ìgbà, tí a tún há igi sí lẹ́yìn, ó dà bí ọkọ ìyàwó tó wọ kóòtù tó tún so ewé mọ́ ìdí." Ó kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi igi tàbí òkúta há ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìjọba mọ́ láéláé. Wọ́n kó gbogbo wẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ọkọ̀, wọ́n fi dáná tíì ọ̀gá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lọ́rì agbálẹ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí yí sẹ́yìn lórí Òkè Ẹlẹ́kùrọ́. Àwọn obìnrin tí ń pa ẹ̀kùrọ́ ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà, àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn sọ ọ́ lórúkọ, rí i. Ìyá Làbákẹ́ tó jẹ́ àgbà wọn sáré gbé òkúta tó fi ń pa ẹ̀kùrọ́, ó há a. Lọ́rì dúró, kò pa ẹnì kankan. Kí ni Fálẹ́yìmú ṣe? Ó ní kí wọ́n gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀! Òkúta tí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ lò, tí àárín rẹ̀ ti jìn fún ẹ̀kùrọ́ pípa, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó fi ń tẹ ìwé kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Làbákẹ́ bá rí i tó ń kọjá, á bèèrè pé, "Òkúta mi dà?" Ọ̀gá kì í dáhùn. Ó gbà pé òfin kì í bá ẹlẹ́kùrọ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni Sístà Julianah, Sànúsí àti Àjàgbé fi bọ́ọ̀sì ẹlẹ́sẹ̀ pípá náà wọ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ní ojú ọ̀dà tó gba ẹ̀yìn wọ ọgbà ọ́fíìsì. Wọ́n bá a níbi tí Ṣàngódèyí ti ń so táì mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀gá àgbà ìjọba kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti wá wo ìfiwéra táyà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Sístà wí. "Táyà òjò méjì la fẹ́. Obìnrin kan ń rọbí lẹ́yìn Ifẹ̀wàrà láti àná, ọmọ ti há. Tí a ò bá gbé e dé ilé ìwòsàn lónìí, yóò kú. Ọkọ rẹ̀ rèé."

Fálẹ́yìmú wo òkè àjà. Ṣàngódèyí sún mọ́ Sístà, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ ò tíì kí i lóyè."

Sístà mí kanlẹ̀. "Adúró-Má-Yọ̀."

"Ó dúró!" ni Ṣàngódèyí ké.

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n!" Ọ̀gá wá sọ ojú kalẹ̀. "Arábìnrin, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n a ti dá táyà òjò lẹ́bi. A kì í fi ẹlẹ́bi sábẹ́ ọkọ̀ ìjọba."

"Ẹ fún wa ní táyà gbogbo ìgbà, sà. A ó fara dà á."

"Háà! Ìyẹn wúńdíá tí a ò tíì sìn relé ọkọ ni. Kò tíì sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi èmi, títí àlejò wa láti Ìbàdàn yóò fi rí i lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi."

Sànúsí kò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbé wẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo. Màá fi táyà pípá yẹn rọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀."

"Wẹ́ẹ̀jì!" Fálẹ́yìmú fò sókè lórí tìmùtìmù. "Lọ́jọ́ òní! Lójú mi! Ṣàngódèyí, ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí?"

"Mo gbọ́ ọ, ọ̀gá, mo sì ti ń gbìyànjú láti gbàgbé ẹ̀."

Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi ẹrẹ̀ tó ń ro láti ara rẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, bàbá. Ìyàwó mi ni. Òun nìkan ni mo ní."

Fálẹ́yìmú gbé ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ sẹ́yìn kí ẹrẹ̀ má baà kàn án. Ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, láti ayé Éfà ni obìnrin ti ń bímọ, wọn ò sì ní jáwọ́. Ṣùgbọ́n ìfiwéra táyà, òní ni ayé máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ lọ dúró síta. Bí ayẹyẹ bá parí, ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ yín."

"Àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà?" ni Sístà bèèrè.

"Èmi," ni Fálẹ́yìmú wí. "Ṣàngódèyí ló ń pa àtẹ́wọ́."

Sístà Julianah kò sunkún, kò sì bínú síta. Ó kàn wo ìdí ọkùnrin náà níbi tí òrùka kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ti ń mì. Ó wò ó dáadáa.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti na àtíbàbà sí ìsàlẹ̀ òkè. Òjò kò dá. Lápá kan ìsàlẹ̀ náà ni kòtò tí àwọn tí ń ṣe epo pupa ń da omi ìdí epo sí. Kò jìn ju ìbàdí lọ, kò lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ a máa dé ilé ṣáájú ẹni tó bá já sínú rẹ̀. Àlejò láti Ìbàdàn dé. Ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ọ̀finkìn ń bá jà ni, kò sì fẹ́ ohun méjì ju kó padà sílé lọ. Ó jókòó sí àga iwájú, ó ṣí agbòòrùn rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, torí pé àtíbàbà ń jò.

Fálẹ́yìmú dìde.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ọlọ́wọ̀, ẹ̀yin olójú, ẹ̀yin elétí! Nígbà tí Ọlọ́run dá ayé, ó dá òjò, ó dá ẹ̀ẹ̀rùn. N ò sọ pé ó ṣàṣìṣe. Mo kàn sọ pé ó fi àlàfo sílẹ̀. Àlàfo náà ni èmi Fálẹ́yìmú wá dí!"

"Ẹ ti dí i!" ni Ṣàngódèyí ké.

"Ta ló gbé títì kúrò lósì?"

"Ẹ̀yin ni!"

"Ta ló gbé e sí ọ̀tún?"

"Ẹ̀yin náà ni! Kò sí ẹni tó bá yín gbé e!"

Àlejò sín. Ṣàngódèyí kò kí i. Ọ̀gá kan ló ní.

"Lójú yín báyìí," ni Fálẹ́yìmú ń bá a lọ, "n óò wa ọkọ̀ ara mi, tí táyà gbogbo ìgbà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dé ìdajì òkè yìí. N óò dúró. Kò ní sí igi. Kò ní sí òkúta. N óò sì mu tíì níbẹ̀. Bí ìkán tíì kan bá ta sílẹ̀, ẹ má pè mí ní Fálẹ́yìmú mọ́!"

Ó wọ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Agbádá rẹ̀ kún iwájú, ikùn rẹ̀ tẹ ọwọ́ ìwakọ̀. Ṣàngódèyí jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwo tíì lórí itan. Wọ́n gbéra. Kí n sọ òótọ́, ọkọ̀ náà gùn ún dáadáa, torí pé òkúta wẹ́wẹ́ wà ní ibẹ̀rẹ̀ òkè. Nígbà tó dé ìdajì, níbi tí amọ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀, tó dọ́gba pẹ̀lú àtíbàbà kékeré àwọn ẹlẹ́kùrọ́, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró.

Ìsàlẹ̀ pàtẹ́wọ́. Fálẹ́yìmú na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gba ife tíì, ó yọ orí lójú fèrèsé. Àwọn ẹlẹ́kùrọ́ ló kọ́kọ́ rí. Sístà Julianah, Sànúsí àti Àjàgbé dúró láàárín wọn.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin obìnrin yìí ń sún lọ sókè?" ni ọ̀gá bi wọ́n. "Ẹ dúró lójú kan!"

"Àwa kọ́ là ń sún, bàbá," ni Ìyá Làbákẹ́ dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ."

Lóòótọ́ ni. Ọkọ̀ ń yọ̀ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń yọ́ kúrò níbi àpèjẹ.

"Ṣàngódèyí, ṣé à ń sún?"

"Ọ̀gá, ilẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí yín."

Fálẹ́yìmú tẹ iná mọ́tò. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí lójú kan náà, ó tu amọ̀ sókè, ó bo agbòòrùn àlejò Ìbàdàn. Ó tún tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ tún ń yọ̀. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ yóò já. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yóò máa yọ̀. Ṣàngódèyí wo ẹ̀yìn, ó rí kòtò epo. Ó ronú nípa gbogbo oore tí ọ̀gá ti ṣe fún òun. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwo tíì.

"Ẹ há a!" ni Fálẹ́yìmú bú jáde. "Ẹ wá nǹkan há a!"

Gbogbo àwọn ẹlẹ́kùrọ́ ti gbé òkúta lọ́wọ́. Ìwà tí wọ́n bí mọ́ni, ọwọ́ a máa ṣáájú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Làbákẹ́ na apá, ó dá wọn dúró.

"Ẹ rọra. Ṣé òfin gbà á? Uṣẹ́ mi ni mò ń ṣe jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi gba òkúta lọ́wọ́ mi. N kò tún lè jìyà kejì o. Òkúta mi dà?"

"Ó wà lórí tábìlì! Ẹ lọ mú un! Ẹ há ọkọ̀!"

Sístà Julianah ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ń bá ọkọ̀ rìn bó ṣe ń yọ̀, bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà.

"Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀, sà."

"Ìgbìmọ̀ kò tíì jókòó!"

"Ẹ̀yin ni ìgbìmọ̀. Ẹ ti jókòó."

"Arábìnrin, ìlànà wà—" Ọkọ̀ yọ̀ nígbọ̀nwọ́ kan. Tíì tó kù nínú ife da sórí agbádá. Fálẹ́yìmú fa òrùka kọ́kọ́rọ́ já ní ìdí rẹ̀, ó jù ú síta. Sístà hán an, ó jù ú fún Sànúsí. Sànúsí àti Àjàgbé ti ń sáré gòkè kí kọ́kọ́rọ́ tó balẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ó yá, ẹ̀yin ìyá mi," ni Sístà wí, "ẹ há a fún bàbá."

"Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ ná," ni Ìyá Làbákẹ́ wí. "Ẹnu wọn ló dè é, ẹnu wọn ni kó tú u. Kí wọ́n sáà ní a lè fi òkúta há ọkọ̀ ìjọba. Ó tán."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọdé lè sọ ọ́ láàárín kí a mí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n Fálẹ́yìmú wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé àlejò láti Ìbàdàn ń wo òun. Ó gún ọrùn. Ó tún táì ṣe.

"Pẹ̀lú àṣẹ tí a gbé lé mi lọ́wọ́," ló bẹ̀rẹ̀, "àti lẹ́yìn tí mo ti yẹ ọ̀ràn náà wò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láìsọ pé òfin náà kù díẹ̀ káàtó, torí pé kò kù díẹ̀ káàtó—"

"Ẹ ṣe kíá, bàbá!"

"—mo ń kéde, fún ìgbà díẹ̀, lórí òkè yìí nìkan, nínú òjò òní nìkan, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní òkúta tó mọ́, tí kò—"

"Ká há a ni, àbí ká má há a?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí gbólóhùn mi!"

Gbùú! Ìdí ọkọ̀ kọ́kọ́ wọ kòtò, ara ọkọ̀ tẹ̀lé e. Omi ìdí epo fò sókè, ó pupa, ó rùn, ó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí ọ̀gá Fálẹ́yìmú jáde wá, ó pupa láti fìlà dé bàtà, èèpo ẹ̀kùrọ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn ní àgbọ̀n. Ó dìde dúró nínú kòtò, ó na ìka sókè, ó sì parí gbólóhùn rẹ̀:

"—kí wọ́n há a."

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni Ìyá Làbákẹ́ ké. "Àṣẹ ti jáde!" Àwọn obìnrin náà bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n to òkúta wọn sẹ́yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti wà nínú kòtò, wọ́n tò ó dáadáa, wọ́n tẹríba, wọ́n sì gbọn ọwọ́ nù. Ẹ̀rín wá bẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àlejò láti Ìbàdàn nu amọ̀ ojú rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni pé ọkùnrin yìí ló ní kí ọkọ̀ má lo wẹ́ẹ̀jì? Méjì ló wà lábẹ́ àga ọkọ̀ tó gbé mi wá." Ó wo Ṣàngódèyí. "Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ dà?"

"Sístà agbẹ̀bí ti gbà á, sà," ni Ṣàngódèyí wí. Ó ti ń gbé ife tíì fún un. "Ẹ wo bí ẹ ṣe nujú, sà. Wọn kì í nujú báyìí níbí."

"Kó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀," ni àlejò wí. Kò gba tíì náà.

Lókè, Sànúsí ti fi jáàkì gbé bọ́ọ̀sì, ó ti yọ pípá, ó ti de táyà òjò méjèèjì mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbéra ni Ìyá Làbákẹ́ jáde láti inú ọ́fíìsì, òkúta rẹ̀ lórí. Ó gbé e lé Àjàgbé lọ́wọ́.

"Wẹ́ẹ̀jì yín ti jóná. Ẹ fi èyí há a. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e bọ̀ wá fún mi o. Ti ìyá ìyá mi ni."

Ọ̀nà náà burú. Táyà òjò bu amọ̀ jẹ, ó tu ú, ó tún bu ú jẹ. Níbi tí kò bá ti lè lọ mọ́, Àjàgbé á bẹ́ sílẹ̀, á há òkúta, Sànúsí á sinmi ẹ̀rọ, wọ́n á tún gbéra. Wọ́n bá Àpìkẹ́ láàyè. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ Sístà mú tí ó fi ń dun Sístà. Wọ́n gbé e, wọ́n yí padà. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gbẹ̀yìn kí a tó dé Iléṣà, Sístà kàn lu ẹ̀yìn àga Sànúsí.

"Dúró. Ọmọ ti yí sọ́nà. Má jẹ́ kí ọkọ̀ yìí mì."

"Lórí òkè, Sístà?"

"Lórí òkè."

Àjàgbé ti bẹ́ sílẹ̀. Ó há òkúta náà, ó sì fi èjìká ti ìdí bọ́ọ̀sì, òjò ń pa á, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Ọkọ̀ kò mì. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tó fi gbọ́ igbe kan tí kì í ṣe ti ìyàwó rẹ̀.

Béjidé ni wọ́n sọ ọmọ náà, torí ó bá òjò dé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà báyìí nìyí. Fálẹ́yìmú wà nílé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kò ní ọ́fíìsì, kò ní agogo. Bó bá wọ lọ́rì wá sí Iléṣà, tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, òun ló kọ́kọ́ máa ń bèèrè pé wẹ́ẹ̀jì dà. Ṣàngódèyí ṣì ń pàtẹ́wọ́ níbòmíràn. Táyà gbogbo ìgbà wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí ń rìn lójú ọ̀dà, ó sì ń ṣe dáadáa. Táyà òjò ló wà lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí, igi wẹ́ẹ̀jì méjì sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Làbákẹ́ ń fi òkúta rẹ̀ pa ẹ̀kùrọ́. Àpìkẹ́ ti padà sóko kòkó. Béjidé ti ń rìn.